Àga Ẹlẹ́jẹ̀ Wúrà

"Ká apá aṣọ rẹ sókè, àbúrò mi. Ọ̀gá ti ń wo aago."

Kelera ká a. Unaisi fọwọ́ wá iṣan níbi tí abẹ́rẹ́ àná ti sọ ara di dúdú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ ní yàrá ìwádìí náà ní Brisbane nìyí: kí wọ́n tó dán oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wò, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò fẹnu kan asipirín. Òṣìṣẹ́ tó bá wù ló ń jókòó, wọ́n ní kò sí túláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílùú kì í ṣaláìní ìpàdé láàárọ̀. Àwọn méjì tó wá láti Fiji, tí físà wọn so mọ́ ìbuwọ́lù ọ̀gá, kì í ní ìpàdé kankan. Unaisi ló sì mọ abẹ́rẹ́ í lò, Kelera ló wá ń jókòó.

Dókítà Hartnell, ọ̀gá wọn, yọjú sí Kelera. "Ẹlẹ́jẹ̀ Wúrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ àná kò fẹ́ dì o. Àbí o lo asipirín?"

"Rárá, Dókítà."

"Ó dáa. Ẹni tó ń lo oògùn, aláìsàn ni. N ò sì ní buwọ́ lùwé aláìsàn lọ́dún yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Unaisi ti ilẹ̀kùn. "O parọ́ fún un."

"Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún ló ní kí n máa lò ó, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ba oyún mi àkọ́kọ́ jẹ́ má baà tún padà wá."

"Sọ fún un pé o lóyún, jàre."

"Bí Vasiti tó bá wa ṣiṣẹ́ níbí ṣe sọ fún un? Kó tó bímọ ni físà rẹ̀ ti lọ, tó ti padà sílé, tó ń ta ẹja ní Suva. Bí físà bá lọ, Àǹtí, nọ́ọ̀sì náà lọ nìyẹn."

"Kí ẹlòmíràn jókòó nígbà náà."

"Ta ni? Ẹ̀yin?"

Unaisi rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé, tó jẹ́ owó iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń kàwé. Ó gbé ojú lé ìgò ẹ̀jẹ̀ tó ń kún lọ.

Kelera ò lo asipirín mọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń dì bó ṣe yẹ, ọ̀gá sì yìn ín lójú gbogbo wọn. Àràárọ̀ ni Unaisi ń gbàdúrà sínú pé kí Olúwa bo ohun tó wà níkùn Kelera, tí yóò sì ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lára. Ẹsẹ̀ Kelera wú, bàtà kò gbà á mọ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí, orí ń fọ́ mi. Mi ò ríran dáadáa."

"Ó kù díẹ̀, àbúrò mi."

Orí àga yẹn ni gìrì ti mú un.

Ilé ìwòsàn dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọmọ náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Fiji ló fi aṣọ èèpo igi tí wọ́n mú wá láti ilé wé e, Unaisi ló sì gbé e dé ibojì.

Nígbà tí Unaisi padà síbi iṣẹ́, wọ́n ti nu àga náà mọ́ tónítóní. Dókítà Hartnell dúró tì í, ó ń fa ìbọ̀wọ́ wọ̀.

"Ó dùn mí gan-an," ó ní. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Ó fa ìbọ̀wọ́ kejì wọ̀.

"Unaisi, ìwọ ò lo asipirín, àbí?"

"Rárá, Dókítà."

"Jọ̀wọ́, jókòó, kí o ká apá aṣọ rẹ sókè fún mi."