Ìdí Mọ́tò Tí Kò Wọlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti sọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1981, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Matthew Gbádégẹṣin, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ra mọ́tò Pijó kan wálé sí Ẹ̀fọ̀n. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé rẹ̀ wà: yàrá méjì nísàlẹ̀, pálọ̀ onípákó lórí wọn. Ó sọ yàrá iwájú di gáréèjì. Iṣu ni Felicia ìyàwó rẹ̀ ń kó sí ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mọ́tò gùn ju gáréèjì lọ. Ìdí rẹ̀ yọ síta, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa kí i pé, "Ìdí Mọ́tò, ẹ káàárọ̀ o!"

Ó ránṣẹ́ pe Jídé bíríkìlà.

"Wó ògiri àárín yìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi ni ìjọ ń bọ̀ wá bá mi dúpẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ bá ìdí níta."

"Bàbá, òun ló gbé pálọ̀ yín dúró o."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ tún nà mí lórí ẹ̀."

"Ó dáa. Wó o."

Felicia ní, "Bàbá Bámidélé, ọdún mọ́kànlá la fi kọ́ ilé yìí. Tó bá wó, inú mọ́tò la ó máa sùn?"

"Ìgbàgbọ́ rẹ kéré."

"Ìgbàgbọ́ mi ò kéré. Ògiri ni kò ní sí."

Wọ́n wó ògiri. Mọ́tò wọlé tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kún pálọ̀. Àdúrà kò ṣe ilé ní nǹkan kan; ìgbà tí ijó ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pákó ń ké. Jídé, tó kọ̀ láti gòkè, figbe ta láti ìsàlẹ̀: "Ẹ má jó mọ́! Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!"

Gbogbo wọn jáde láìfarapa. Àwọn ọkùnrin ìjọ bá Jídé fi igi mẹ́rìnlá ti pálọ̀ náà, níwájú mọ́tò, lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé dúró.

"Ìgbà wo ni mo lè gbé mọ́tò mi jáde?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí pálọ̀ bá a jáde, sà."

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni Hẹdimásítà fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Felicia a máa ṣíwájú, a máa rẹ́rìn-ín sínú ìborùn.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ohun tí ẹ rà lé yín jáde nínú ohun tí ẹ kọ́. Àmín.