Ẹja Tí Ìrù Rẹ̀ Ya

Ojú wa pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ọmọ igi.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ni, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣàjọ̀dún àyíká, òjò sì ti ṣú sórí Gazipur, ìlú wa. Àwa òṣìṣẹ́ kún àgbàlá ilé iṣẹ́ fọ́fọ́, obìnrin ń fi ìgbúnwọ́ gún obìnrin níhà, nítorí wọ́n ti kéde pé àwọn tó bá ṣíwájú ló máa gba igi máńgòrò, gúrófà ni ti àwọn tó bá kẹ́yìn. Wọ́n tì mí. Ọmọ igi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà já bọ́, ẹnì kan sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbójú sókè pé kí n bú olúwa rẹ̀, ni ojú mi bá bọ́ sínú ojú ọkùnrin kan.

Orí àga ló dúró sí, ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dákẹ́. Wàláì, ó dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀! Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ki òwú bọ̀ mí létí, n ò gbọ́ ariwo kankan mọ́, àyà mi nìkan ni mò ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igi máńgòrò kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé e kọjá lórí àwọn èèyàn títí tó fi dé ọwọ́ mi.

"Jharna," Kohinur Apa sọ sí mi létí, "pa ẹnu dé, eṣinṣin ń bọ̀."

Apa ni a máa ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Kohinur kì í ṣe ọmọ ìyá mi, àmọ́ òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nínú ilé aró. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Èékánná rẹ̀ kì í mọ́ láé. Bí wọ́n bá ń rẹ aṣọ búlúù lọ́sẹ̀ yìí, èékánná Apa á di búlúù.

Ọkùnrin náà tún gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó ní láti òní lọ, kì í ṣe iye aṣọ tí a bá rẹ nìkan ni wọn yóò máa fi gbé wa ga. Ẹni tó bá ṣọ́ omi lò, tó pa iná tí kò wúlò, tó da àkísà síbi tó yẹ, yóò gba máàkì. Ìwé máàkì àyíká ti dé, orúkọ gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀.

"Máàkì!" ni Apa wí. "A tún ti padà sílé ìwé."

Rezwan lorúkọ rẹ̀. Dhaka, olú ìlú wa, ni wọ́n ti mú un wá sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Tó bá rẹ́rìn-ín, kòtò kan máa ń jìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì, èèyàn á sì fẹ́ wí nǹkan mìíràn kí ó lè tún rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá sí ilé aró, ó fi mí ṣe Ọ̀rẹ́ Odò. Wọ́n fún mi ní ọ̀já aláwọ̀ ewé tí mò ń gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí a ṣe ń dín omi kù, kí n sì máa bọ́ ẹja láràárọ̀.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé aró tó yẹ kó máa fọ omi aró mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni adágún kékeré tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé omi tó bá ti mọ́ tán ń dà sí. Ẹja bí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀. Tí àlejò bá dé, wọ́n á na ìka sí wọn: ẹ ẹ̀ rí i, omi wa mọ́ débi pé ẹja ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìrù rẹ̀ ya. Mo sọ ọ́ ní Raja, nítorí ó máa ń rìn bí ọba tí aṣọ oyè rẹ̀ há mọ́ ilẹ̀kùn.

Rezwan Bhai, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, a máa wá síbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ dídán.

"Ẹja yín yìí sanra jù mí lọ."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa jẹ búrẹ́dì àná."

Ó rẹ́rìn-ín. Kòtò jìn. Kò pẹ́ tó fi kúrò lórí "ẹ" tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "ìwọ". Lálẹ́ yẹn mo sọ fún ìrọ̀rí mi pé n ó kọ lẹ́tà sí ọkùnrin yìí, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ nínú ìwé ìfẹ́ tí mo kó pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Àmọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i kì í ṣe ti ìfẹ́.

Ìyá mi ń gbé lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ wa gan-an, létí omi kékeré tó ń ṣàn lọ bá odò Turag. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà ààwẹ̀; ó ku mẹ́rin. Igi máńgòrò tí Rezwan fún mi, ibẹ̀ la gbìn ín sí, gbogbo etí ewé rẹ̀ ti jó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Rezwan ní ọ̀sán ọjọ́ kan níwájú ìsọ̀ onítíì tó wà lẹ́nu géètì, a jọ ń jẹ ìrẹsì yíyan oníata nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ká ní ṣóńṣó.

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni," mo wí. "Ilé iṣẹ́ á wà ní títì, àwọn ọkùnrin á ti wọ mọ́sáláṣí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣí páìpù tó wà lábẹ́ ògiri. Kí ìmáàmù tó parí wáàsí, omi á ti yí àwọ̀. Àwọn obìnrin etí omi ló máa ń kọ́kọ́ mọ aṣọ tí àwọn òyìnbó á wọ̀. Ìyá mi á ní, 'Àwọ̀ ìkàn ni tọdún tó ń bọ̀.' Á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á lọ ka pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀."

Rezwan gbé ife tíì sílẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

"Kohinur Apa. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́, àwọ̀ omi, ibi tí páìpù wà. Kí Apa náà fọwọ́ sí i. Àwọn oníbàárà òkèèrè ń rán olùyẹ̀wò wá lẹ́yìn òjò. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi fún un." Ìka rẹ̀ fara kan tèmi nínú ìwé oníata náà. "Ṣé o gbà mí gbọ́, Jharna?"

Ọ̀nà tó gbà pe orúkọ mi! Mo gbà á gbọ́. Tí lẹ́tà yẹn bá dé ọwọ́ olùyẹ̀wò, wọ́n á dí páìpù pa. Tí kò bá dé, ìyá mi á kó kúrò létí omi rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni mo sì kó gbogbo rẹ̀ sí.

Apa kọ́kọ́ kọ̀.

"Apa, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni."

"Mo mọ bàtà ẹ̀. Látọdún tí mo ti wà níbí, n ò rí ẹni tó wọ ilé aró tí nǹkan kan ò ta sí lára. Tiẹ̀ ń dán lójoojúmọ́. Báwo ló ṣe ń rìn?"

"Ó mọ̀ ọ́n rìn ni."

"Mo gbọ́, ìyàwó." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. "Nítorí ìyá ẹ ni mo fi ń fọwọ́ sí i o, kì í ṣe nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni."

Mo ju lẹ́tà náà sínú àpótí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa ju àbá sí. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ Rezwan ló wà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, páìpù ṣì ń da omi. Mo ní kí ìyá mi fara dà á, olùyẹ̀wò ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Kohinur Apa sí ọ́fíìsì. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò dùn létí rárá.

"Wọ́n lé mi," ó wí. "Wọ́n ní máàkì àyíká mi ò tó. Wọ́n ní mo ń fi omi ṣòfò." Ó wo èékánná rẹ̀. "Èmi! Omi!"

Apa tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wa pé kí a fi omi tí a fi ṣan aṣọ kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ fífọ̀ tuntun! Apa tó máa ń lu wá lọ́wọ́ tí ẹnu ẹ̀rọ bá ń kán! Mo sáré lọ bá Rezwan.

"Kọ̀ǹpútà ló ka máàkì náà, kì í ṣe èmi," ó wí.

"Ẹ yí i padà nígbà náà."

"Mú sùúrù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni olùyẹ̀wò ń bọ̀. Tí mo bá da nǹkan rú báyìí, lẹ́tà rẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúkọ rẹ ti wà lára àwọn tí a fẹ́ fi ṣe alábòójútó. Tí Ìṣẹ́gun bá sì kọjá, n ó wá kí ìyá rẹ."

Kò sí ọmọbìnrin ibí tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tí ọkùnrin bá ní òun ń bọ̀ wá kí ìyá ẹni. Ìtìjú ń mú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí: lọ́jọ́ tí wọ́n lé Apa, orin ni mo kọ délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá Apa lẹ́nu géètì láàrin àwọn tó ń wọlé. Ó yọ ìwé kan tó ká lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Lẹ́tà wa ni. Orí tábìlì Rezwan ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí. Nígbà tó yíjú dáhùn fóònù, mo mú un. Mo ti ń gbé e kiri látìgbà yẹn, n ò mọ bí n ó ṣe fún ẹ. Wo ohun tó kọ sí i."

"Nítorí wọ́n lé yín ni ẹ ṣe fẹ́ ba orúkọ ẹ̀ jẹ́," mo wí.

Ó ki ìwé náà sábẹ́ ọ̀já mi, ó sì tún ọ̀já náà ṣe lórí èjìká mi, bó ṣe máa ń ṣe.

"Lọ bọ́ ẹja ẹ," ó wí.

Mo dé ibi adágún, mo bá ọkùnrin kan tó ń da ẹja sínú rẹ̀ láti inú dúrọ́ọ̀mù búlúù. Ẹja tuntun, gbogbo wọn ń dán, ìrù gbogbo wọn pé.

"Raja dà?"

"Raja wo?"

"Ẹja tí ìrù ẹ̀ ya."

Ọkùnrin náà fi ojú àánú wò mí. "Ìrù ẹja kì í ya lásán, àbúrò mi. Ó ń jẹrà ni. Omi kànga ni wọ́n ń pọn síbí, kò sí ohun tó pa òun àti ẹ̀rọ yẹn pọ̀. Kànga ọ̀hún gan-an, aró ti dé inú ẹ̀. Àwọn ẹja kì í lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbí. Tí àlejò bá ti ń bọ̀, Rezwan Bhai á pè mí, n ó kó tuntun wá."

"Òun fúnra ẹ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú ló pè mí. Ó mọ èèyàn kí o, á tún béèrè àwọn ọmọ mi."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo tú lẹ́tà náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyẹn, orúkọ èmi àti Apa nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò aláwọ̀ ewé fa ìlà sí abẹ́ orúkọ Apa: *Ẹni yìí la ó kọ́kọ́ lé. Ẹ lo máàkì àyíká.* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi: *Eléyìí gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ kó wà títí olùyẹ̀wò á fi lọ.* Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Rezwan ló kọ orúkọ mi sẹ́yìn ọ̀já tí mo gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú òdòdó kékeré lórí J.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Rezwan ló ṣíwájú pẹ̀lú bàtà dídán, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó mú ìwé lọ́wọ́, tẹ̀ lé e. Ọmọ Dhaka ni olùyẹ̀wò náà, ohùn rẹ̀ fi hàn.

"Madam, Jharna wa rèé," Rezwan wí. "Nínú gbogbo Ọ̀rẹ́ Odò, òun ló dára jù." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn jìn bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú adágún. "Jharna, láti ọjọ́ wo làwọn ẹja yìí ti wà níbí?"

Rezwan tẹjú mọ́ mi, bó ṣe tẹjú mọ́ mi lórí àga lọ́jọ́ tí ayé dákẹ́. Mo ṣì ń retí. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ṣì ń retí kí ó wí nǹkan kan, kí ó ní òun kọ́ ló kọ ọ́.

"Láti àárọ̀ yìí, Madam," mo wí.

"Àwàdà ló ń ṣe," Rezwan yára wí. "Jharna, ẹ jọ̀ọ́."

*Ẹ.* Ó ti padà sí "ẹ".

Mo dìde. Mo na lẹ́tà náà sí obìnrin náà, ó sì gbà á.