Tàkúté Bàbá Ràímì

Abọ́dúndé ni wọ́n ṣẹ̀. Abọ́dúndé, ẹ̀gbọ́n mi, adẹ́mu ará Massè, ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá, ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí pẹ̀lú kèrègbè ẹmu léjìká. Báyìí ni ìwé ẹ̀sùn mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti há a sórí. Mo ń kà á bí mo ṣe ń gòkè — ìṣísẹ̀ kan, Abọ́dúndé. Ìṣísẹ̀ kan, ni wọ́n ṣẹ̀ — àyà mi ń lù kì-kì-kì, òkè kò sì tán.

Ghislain wà níwájú. Ọkọ mi. Ó ń súfèé. Ọ̀la ni àwọn àgbà Oko-Akarè, abúlé wa ní Massè, fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, òní ló rí pé ó yẹ ká wá gun òkè, ká wo ẹranko. Ó ní ara mi ti le jù. Ó ní, "Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ọ díẹ̀." Afẹ́fẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Abọ́dúndé nísàlẹ̀ orúnkún. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wà lára ògiri, aláǹtakùn ti ta sí i. Òun náà ń gba afẹ́fẹ́, lórí àga, láti àárọ̀ di alẹ́...

Ó dúró. Ó ń nawọ́ sókè. Ọ̀bọ mẹ́ta, ọ̀kan gbé ọmọ mọ́ ikùn. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí bí àwọn akọ̀wé ṣe máa ń wò mí bí mo bá gbé ìwé mi wọlé: ẹnu wọn ń jẹ, ojú wọn ń sọ pé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹun lọ. Ọ̀la kò jìnnà.

Òfin náà kò le. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n. Bí ọdẹ bá dẹ tàkúté irin síbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè dé, á ri èèkàn kan sí ìhín ọ̀nà, á ri ọ̀kan sí ọ̀hún, á so màrìwò mọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá rí i á yà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n. Abọ́dúndé kò rí màrìwò — nítorí kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹmu ló ń yí i lójú. Kí ẹnu wọn kán.

Bàbá Ràímì, ọdẹ orí òkè yìí, ló ni tàkúté tó mú un lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ ìyẹn. Màrìwò ló ń jiyàn lé lórí. Ó dúró láàárín abúlé, fìlà lọ́wọ́, ó ń búra: wàláhì, òun so ó, ìhà méjèèjì, ọwọ́ òun yìí lòun fi so ó. Èmi bi í lójú gbogbo ayé bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, àbí ọ̀bọ ló fi wé gèlè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Oyèfúnkẹ́, ẹran tí mo pa ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ." Mo dá a lóhùn pé ẹran kan kò ra ẹsẹ̀ kan. Ìdáhùn tó dára ni. Ó ṣì dára.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi nìkan gun òkè wá. Èèkàn méjì, ìhòòhò. Mo fi fóònù ya wọ́n, mo fi ránṣẹ́ dé Pobè, dé Cotonou. Ta ló tún fẹ́ bá mi jiyàn? Ó lé ní igba ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, Ghislain ló tẹ̀lé mi. Ohun tí a ń bèèrè: kí Bàbá Ràímì kúrò lórí òkè, òun àti tàkúté rẹ̀, àti oko iṣu tó ń dá nísàlẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní níbo ni kó lọ. Ṣé èmi ni kí n wá ilé fún un? Ẹsẹ̀ Abọ́dúndé, níbo ló lọ?

Ghislain kò súfèé mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó gbá apá mi mú — kí ló tún dé? Erè. Ó nà sórí àpáta nínú oòrùn, ó tóbi bí itan ènìyàn, àárín rẹ̀ wú. Ó ti gbé nǹkan mì, kò lè sá, kò lè jà, ó kàn ń wò. Mo fẹ́ sọ òkúta lù ú. Kí ni erè ṣe mí? Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ṣáà fẹ́ sọ òkúta lu nǹkan. Ọwọ́ Ghislain tutù lára apá mi. Ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù... A yà, a gba inú koríko, a tún bọ́ sójú ọ̀nà.

Èèkàn nìyí. Wọ́n ṣì wà.

Ó ti dúró ti èyí tó wà lápá òsì kí n tó dé ibẹ̀. Ta ló fi ibẹ̀ hàn án? Kò bá mi wá lọ́jọ́ yẹn. Kò... Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́ tán. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bèèrè omi. "Èmi ni mo mú màrìwò yẹn."

Mo ń to ohun tó sọ pọ̀, kò fẹ́ tò. Pé àárọ̀ Sátidé yẹn, ìjọ òun rán àwọn ọ̀dọ́ wá gé imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n máa gbé ká ìlú lọ́jọ́ kejì. Pé àwọn kan ti ṣáájú. Pé òun rí méjì lórí èèkàn, tútù, tí wọ́n ti dì, òun sì rò pé àwọn ará ìjọ ló fi sílẹ̀ de òun. Ó yọ wọ́n. Ó ń kọrin. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tàkúté kọjá, kò mọ̀; kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, kò tíì gbọ́ òfin náà nígbà yẹn. Ìgbà tí mo fi fọ́tò hàn án ló mọ̀.

Ìgbà tí mo fi fọ́tò hàn án. Ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn ìyẹn ló fẹ́ mi. Lẹ́yìn —

Dúró. Ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó ti ìjọ wá bá wa nílé ìwòsàn lọ́sàn-án, imọ̀ ọ̀pẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàdúrà lórí Abọ́dúndé. Mo gba ọ̀pẹ náà, mo fẹ́ fi há ojú fèrèsé, kò há, nítorí kókó kan wà nídìí rẹ̀. Kókó líle, kókó àgbà. Mo fi eyín tú u. Mo ju okùn rẹ̀ sílẹ̀.

Okùn Bàbá Ràímì. Ó so ó. Ìhà méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ yẹn ló fi so ó.

Kò sí ẹni tó mọ̀ níhìn-ín, àfi àwa méjì àti ọ̀bọ. Bí a bá dákẹ́... Ìwé náà le. Orúkọ mi ló wà lókè rẹ̀, àwọn tó wà ní Cotonou ń pè mí ní ajàfẹ́tọ̀ọ́. Bí Ghislain ṣe pa ẹnu dé, kì í ṣe Bàbá Ràímì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe Abọ́dúndé pàápàá. Orúkọ mi ni. Mo wò ó yíká, mo rí i kedere: mo ń wá bí n ó ṣe bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ń bú Bàbá Ràímì láti ọdún tó kọjá, òun ló jókòó sínú mi yìí, ó na ẹsẹ̀.

Rárá.

Mo sọ ọ́ fún un: "Dìde lọ́la, kí àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ lójú Bàbá Ràímì. Èmi náà á sọ tèmi."

Ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí oko iṣu wà. Mo tún un sọ.

"Ghislain. Ṣé o máa dìde?"