Eṣúṣú Lẹ́yìn Orúnkún

Láti àárọ̀ ni mo ti ń lọ sókè sódò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní ìlú Sivas, nílẹ̀ Tọ́kì. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n jókòó. Mo ní kó lọ jókòó ṣe tirẹ̀. Ara mi ò balẹ̀, ṣé ìjókòó ló kàn?

Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la àyà Rıfkı, ọkọ mi. Iṣan mẹ́ta tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti dí. Ọ̀kan dí pátápátá. Dókítà Belgin, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó ti àbígbẹ̀yìn mi, fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ó na ìka sí iṣan wẹ́rẹ́ kan tó yí ibi tó dí ká.

"Ìyá, ẹ wo èyí. Ara bàbá fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí. Òun ló ń gbé wọn ró. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni."

"Kí ló dé tí kò fi pọ̀?"

"A ò lè sọ dájú. Àmọ́ lára ẹni tí nǹkan bá ń gbóná nínú rẹ̀, ó jọ pé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í là dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ bàbá sì ń sọ pé nǹkan ń gbóná níbì kan, bí egbò tó ń wú. Iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó wà lábẹ́ márùn-ún, ogójì ló jẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Lónìí, ọgọ́rin. A ti wo eyín, a ti wo ẹ̀dọ̀fóró, a ò rí ibi tó ti ń wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a ò rí i, a ó gbà pé ọkàn náà ló ń fà á, a ó sì la àyà lọ́la."

Èmi mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra eṣúṣú mẹ́jọ nínú ìgò lọ́jà, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn orúnkún Rıfkı, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ìyá mi ṣe é fún bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ni eṣúṣú ń fà, ohun tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí ojú ibẹ̀ wú, mo fi oyin pa á, mo ní kó wọ ṣòkòtò òtútù rẹ̀ lé e. Rıfkı ò sì ní bọ́ ṣòkòtò níwájú obìnrin láéláé. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àfi tí òun bá kú.

Gülseren tó ń ta oògùn, ìyàwó ọmọ mi, ti kìlọ̀ fún mi nígbà náà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eṣúṣú sílẹ̀." Mo ní kó lọ kọ́ ìyá tó bí i. Òun náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, tó ń ro ṣúgà inú tíì fún mi. Ojú wo ni n ó fi wò ó tí mo bá jẹ́wọ́?

Belgin yíjú, ó fẹ́ máa lọ.

"Dókítà! Èmi ni. Mo fi eṣúṣú sí i lẹ́sẹ̀, méjèèjì."

Belgin sáré wọ yàrá Rıfkı, èmi àti Gülseren tẹ̀ lé e. Rıfkı di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ìyá Kenan, kí lo sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Bọ́ ọ!"

Ó wo ojú mi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ó ti ń ṣọyún.

"Ìyá," Belgin wí jẹ́jẹ́, "iṣan ẹsẹ̀ yìí gan-an la fẹ́ yọ lọ́la láti fi ṣe ọ̀nà tuntun fún ọkàn wọn."

"Èmi ni mo ní kó ṣe é fún mi," ni Rıfkı sọ.

"Irọ́ ni! Ó ní òun ò ṣe, tipátipá ni mo fi mú un."

Gülseren gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Ó sàn kó bú mi.

"A ó kọ́kọ́ fi oògùn pa èyí," Belgin wí. "Ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán. Kó tó dìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan yẹn la ní."

"Ṣé ó máa gbé e dé ìgbà yẹn?" mo béèrè.

"Mi ò mọ̀, ìyá."

Nígbà tí ó jáde, Rıfkı bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di àyà mú.

"Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti fẹ́ ọ, mi ò gbọ́ 'èmi ni mo jẹ̀bi' lẹ́nu rẹ rí. Ó di dandan kí n lo ọjọ́ mẹ́wàá yìí pé, kí n lè ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ."

Mo fẹ́ bú u. Ẹkún ni mo bú sí.