Ọwọ́ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún ọkọ mi. Àkọ́bí wa wá ra géèmù tẹníìsì orí tẹlifíṣọ̀n kan fún un, kí apá náà lè padà lágbára. Ó ní, "Màámi, ti àtijọ́, ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́. Eléyìí, àfi kéèyàn di rìmóòtù rẹ̀ mú, kó ju apá."

Ojoojúmọ́ lọkọ mi ń borí. Á ní, "Ìyá wọn, wá jẹ ìyà tìrẹ."

Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkùnrin tó ń ṣojú rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ń gbé apá sókè. Ọrùn ọwọ́ nìkan lọkọ mi ń mì. Apá ò kúrò lórí ìrọ̀rí.

Mo gbé ife omi síwájú rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ fọwọ́ ọ̀tún gbé e."

Ó wo ife, ó wò mí. "Jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù yìí tán ná."

Ó mi ọrùn ọwọ́. Àwọn èrò inú tẹlifíṣọ̀n pàtẹ́wọ́.