Irin Ọrùn Adégòkè

Josephine ń tún ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ rán nígbà tí ẹnìkan pè é níta. Ó fi abẹ́rẹ́ gún tìmùtìmù orí àga, ó jáde. Olúbọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ti ìdí ẹ̀rọ dé, ó jókòó lé e. Ó jẹun tán, ó mu omi, ó sì ti dìde kí Josephine tó rí abẹ́rẹ́ náà ní itan rẹ̀, tí òwú dúdú ń fì nídìí rẹ̀ bí ìrù èkúté.

"Yéè! Bàbá Tolú! Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

Olúbọ̀dé bojú wẹ̀yìn. Ó fà á yọ, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì nà án sí i.

"Gbà, abẹ́rẹ́ rẹ nìyí."

Itan ọ̀tún ni. Irin ogun ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1968, àfọ́kù bọ́ǹbù kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Àwọn dókítà ṣọ́jà ìgbà náà ní kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, pé ara yóò fi ẹran bò ó. Ara sì fi ẹran bò ó lóòótọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí Olúbọ̀dé ti ń fi ẹsẹ̀ náà rìn káàkiri Fìdítì, tí ó sì ń fi í ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ó fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ó wá páànù, ó fi ìṣó dá a lu, ó yí i mọ́ igi róbótó kí ẹnu ihò tó mú lè wà níta, ó sì fi bẹ́líìtì so igi náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó lọ wo ọ̀kan ní Ìlọrà, ó dúró tì í títí ó fi mọ bí ó ti ń yí, ó sì padà sílé lọ ṣe tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, ẹni tó bá sì fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó má baà fò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992 ni ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò dùn ún. Ó kàn ń kú ni, láti itan dé orúnkún, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ká a sábẹ́ pẹ́. Dókítà kan ní Ọ̀yọ́ ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi bírò tọ́ka. Irin náà ti rìn. Ó ti súnmọ́ iṣan ńlá. Dókítà ní bí wọn kò bá yọ ọ́ kí ọdún tó parí, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Òun kò lè yọ ọ́. Ọsibítù àwọn ṣọ́jà ló ní irinṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ṣọ́jà àti ẹni tó ti ṣe é rí nìkan ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin kúkú ti ṣe ṣọ́jà rí," ni Josephine wí.

"Lójú ìwé, mo ti kú," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì lọ wẹ̀.

Ọmọ Ìwó ni Sájẹ́ńtì Ṣàmsúdéènì tí Olúbọ̀dé bá ní ọ́fíìsì ìwé àwọn ọmọ ogun ní Ìbàdàn, ọlọ́yàyà ènìyàn. Ó ní kí Olúbọ̀dé padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tí ó padà wá, Sájẹ́ńtì ti rí fáìlì méjì, ó sì ṣí wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

"Bàbá, ẹ wo ara yín. Fáìlì yìí ní Olúbọ̀dé kú sójú ogun. Fáìlì kejì yìí ní Adégòkè fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin wá dé, ẹ ní Olúbọ̀dé ni yín, ìwé Adégòkè ló sì wà lọ́wọ́ yín. Ṣé iwin ni yín ni?"

"Èmi ni Olúbọ̀dé."

"Èmi náà rí i pé ẹ ń mí. Ẹ mú àtàǹpàkò wá."

Ó fi tàdáwà kun àtàǹpàkò náà, ó yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí pépà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Olúbọ̀dé tẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ogun, ó sì fi awò kékeré kan wò wọ́n. Olúbọ̀dé ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun náà wò. Ó tẹ̀ mọ́ awò náà títí. Ó rí bí àwọn ilà náà ti ń lọ yípo bí omi tó ń wọ ihò. Ó rí ibi tí ilà kan ti ya sí méjì nínú ti àtijọ́, ó wá ibẹ̀ nínú tuntun, ó sì bá a. Gbogbo gíríìsì, gbogbo ibi tí páànù ti gé e, kò sí èyí tó yí i padà. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń kú, ohun àkọ́kọ́ tó wù ú wò nìyẹn.

"Ó bára mu," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ẹ̀yin ni òkú náà. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?"

Olúbọ̀dé sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ni Adégòkè, ọmọ Ìlọrà. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wọṣẹ́ ogun. Wọ́n fún olúkúlùkù ní irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n so kọ́ ọrùn, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni wà lára rẹ̀. Bí ẹni náà bá kú, wọn yóò já ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì, wọn yóò fi èkejì sílẹ̀ lára òkú. Nígbà tí wọ́n wá dágbére sílé, ìyá Adégòkè rí irin náà, ó ní kí wọ́n bọ́ ọ wá. Ọmọ mẹ́rin ti kú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́ kí Adégòkè tó dúró. Àwọn tó bá ti rí àbíkú mọ̀ pé orúkọ ni ikú fi ń wá ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní orúkọ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ikú bá ń wá Adégòkè, Olúbọ̀dé ni yóò bá lọ́rùn rẹ̀, yóò ní òun ṣìlé. Bí ó bá ń wá Olúbọ̀dé, bákan náà." Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ikú ò bèèrè orúkọ," ni Sájẹ́ńtì wí jẹ́ẹ́.

"Kò bèèrè rẹ̀. Bọ́ǹbù kan náà ló pa á tó gbé irin sí mi nítan. Mo rí i pé ó ti kú kí ojú mi tó ṣú. Nígbà tí mo là á, irin rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń pè mí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé mo yè."

Sájẹ́ńtì pa fáìlì méjèèjì dé. Ó ní ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ó dà bí òṣùwọ̀n, apá kan kò lè gòkè kí èkejì má wálẹ̀. Bí wọ́n bá jí Olúbọ̀dé dìde, wọ́n ní láti pa Adégòkè, wọn kò sì lè pa ẹni tí ìwé ìjọba sọ pé ó yè bí ẹbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Olúbọ̀dé yóò búra ní kóòtù. Ẹni tí Adégòkè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ yóò sì tẹ̀ka pé ọmọ náà kò padà wá.

"Ta ló fi sílẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀. Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà."

"Ṣebí wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ àwọn kú?"

Olúbọ̀dé ká pépà ìtẹ̀ka tí Sájẹ́ńtì fún un, ó fi í sápò.

Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Nígbà ogun, ìwé dé sí Fìdítì pé Olúbọ̀dé ti kú. Wọ́n lu aago ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, àwọn obìnrin sì wá jókòó ti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni òkú fi ọ̀pá rìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyá Adégòkè, sáré wá láti Ìlọrà, Olúbọ̀dé sì sọ fún un pé Adégòkè ti kú lójú òun. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwé sọ pé ìwọ kú, o sì dúró síwájú mi. Ìwé sọ pé ọmọ mi yè. Ìwé ṣèké, ìwọ náà sì lè ṣèké. Èyí tó ní ọmọ mi yè, òun ni mo mú." Ó padà sí Ìlọrà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti bá a kẹ́dùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n máa lọ, kò sí òkú nílé òun. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ mọ́ níwájú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì já Olúbọ̀dé sílẹ̀ ní Ìlọrà. Ìyá Adégòkè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa àgbàdo tí wọn yóò gbìn, ó ń ju èyí tí kòkòrò ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún adìẹ.

"Àkànní, ìwọ lo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí ọmọ tí tíṣà nà yìí?"

"Ẹsẹ̀ ti kú, ìyá mi. Ẹ kú ilé."

"Gbogbo rẹ̀ ló kú àbí ààbọ̀?"

"Ààbọ̀ ni."

"Ààbọ̀ ṣì dáa. Jókòó."

Ó jókòó, ó bá a ṣa àgbàdo díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fọ́tò egungun, ọsibítù, fáìlì méjì. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó gbé pépà náà lé orí àpótí láàárín wọn. Ọwọ́ ìyá kò dúró.

"Bí n ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Wọn á gé e."

"Ta ni yóò máa yí ẹ̀rọ?"

"N ò mọ̀."

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ni wọ́n máa kọ sí ti Góke?"

"Pé ó ti kú."

"Èmi ló sì sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ni, ìyá mi."

Ó da ọwọ́ àgbàdo kan fún adìẹ, ó wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣà á. "Ìyá kì í sin ọmọ, Àkànní. Àwọn mẹ́rin ìṣáájú, n ò débi tí wọ́n sin wọ́n sí. Inú yàrá ni wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Èyí tí o gbé wá yìí, ṣebí sísin ni?"

"Sísin ni."

"Ká ní n ò ní kí ẹ pààrọ̀ irin yẹn, ṣé kò ní kú?"

Olúbọ̀dé rò ó bí ó ti máa ń ro ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ó ń tọ̀ ọ́ láti ibi kan dé ibi tó kàn. "Yóò kú. Irin ọrùn kò sí lára ohun tó gbé bọ́ǹbù débẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ǹ bá ti mọ̀."

"Ẹ̀ bá ti mọ̀."

Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó na àtàǹpàkò sí i. Olúbọ̀dé fi tàdáwà tí ó mú wá kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Àkọ́kọ́ kò mú. Iná gàrí àti ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ti jẹ ilà rẹ̀ tán, ohun tó jáde dúdú gbàǹgbà bí ojú àpá. Olúbọ̀dé bu kẹrosíìnì díẹ̀, ó fi nu tàdáwà kúrò, ó jẹ́ kí ó gbẹ. Ó fi tàdáwà fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì yí i díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bí Sájẹ́ńtì ti ṣe. Ìyá ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ilà bíi mélòó kan hàn.

"Ó ti mú?"

"Ó ti mú."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Òjò ti fẹ́ẹ́ dá nígbà tí ìwé dé. Ti Olúbọ̀dé sọ pé ó wà láàyè, ó sì dá ọjọ́ tí yóò wá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. Josephine kọrin, ó jó yí ilé ká. Ọkọ rẹ̀ ka ìwé náà, ó tún un kà, ó wá inú ara rẹ̀ bóyá ayọ̀ wà níbẹ̀. Kò rí ohunkóhun. Ó lọ fi òróró sí ìdí ẹ̀rọ.

Lọ́sẹ̀ náà ni ìyá ránṣẹ́ pè é pé ìwé kan dé sí òun láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kí ó wá kà á. Ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́ bí ó ti máa ń ṣe: wọ́n kọ orúkọ ẹnìkan mọ́ òkú, ìwé ìbánikẹ́dùn sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Olúbọ̀dé kà á ní Gẹ̀ẹ́sì sínú, ó sì sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Ó dun àwọn ọmọ ogun láti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀, Adégòkè, ti kú sójú ogun, níbi tí ó ti ń sin ìlú rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

"Oṣù tó kọjá."

"Wọ́n sọ ibi tí wọ́n sin ín sí?"

"Wọn ò sọ."

"Ó tán?"

"Ó tán, ìyá mi."

Ìyá tú gèlè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀ tó funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára. Nígbà tí ó tú ti ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó ní, "Lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé wọ́n lè máa bọ̀."

Olúbọ̀dé bọ́ síta. Ilé àkọ́kọ́ tí ó kàn, wọ́n ní ìyá tó ń wá ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ilé kejì, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bèèrè. Ilé kẹta ni ó ti bá Ìyá Jesse, tí ó ń fi ọ̀pá tọ́ ọ̀nà jáde láti inú yàrá.

"Ìyá Góke ní kí ẹ máa bọ̀. Adégòkè kú."

"Góke wo? Ti ogun?"

"Ti ogun."

Ìyá Jesse dúró. "Ó wá gbà?"

"Wọ́n gbà."

Ìyá àgbà náà yí ọ̀pá rẹ̀ padà. Ó padà sínú yàrá, Olúbọ̀dé sì ń gbọ́ bí ó ti ń ṣí àpótí, tí ó ń wá aṣọ dúdú. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kí ó wá mú òun dání, kí ó sì ké sí àwọn tó kù lójú ọ̀nà.

Olúbọ̀dé fẹ́ bá wọn padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan létí títì. Àwọn ìyá bíi mélòó kan ń kọjá lọ ní méjìméjì sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọn kò yára. Lẹ́yìn wọn ni ọlọ́kadà kan dúró.

"Bàbá, níbo?"

"Fìdítì."

"Ẹ gùn ún."

Ó di ìjókòó mú, ó gbìyànjú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gòkè. Ó tún gbìyànjú. Ọlọ́kadà náà wò ó, ó gbé máṣíìnì dúró, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà, ó gbé e sọdá ìjókòó bí ẹni gbé ẹrù oko, ó sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé ibi ìfẹsẹ̀lé.

"Ó ti débẹ̀, Bàbá?"

Olúbọ̀dé wolẹ̀ wò ó, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè mọ̀.

"Ó ti débẹ̀," ó ní. "Máa lọ."