Ilé Tí Ràlíátù Padà Sí

Nígbà tí ìròyìn dé Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo pé ìyàwó ọmọ Ràlíátù ti bí obìnrin ní Iléṣà, oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin Ràlíátù fúnra rẹ̀, Àjàgbé lọ fá irùngbọ̀n.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òun àti Ràlíátù jọ ń yọ́ lọ wo fíìmù Íńdíà. Nínú èyí tó pa wọ́n lẹ́kún jù, wọ́n ya olólùfẹ́ méjì, àwọn méjèèjì kú, wọ́n tún ayé wá. Bí ojú ṣe kan ojú, wọ́n mọ ara wọn. Nígbà tí bàbá Ràlíátù wá fi í fún Jibril, oníṣòwò aṣọ ará Iléṣà, Ràlíátù sọ fún Àjàgbé pé, "Má sunkún. Ní àtúnwá, ìwọ ni mò ń bọ̀ wá bá." Àjàgbé gbà á gbọ́. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sin ìyàwó. Ó ṣì gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ó bá àwọn ẹbí Ràlíátù wọ mọ́tò. Kí ọmọ náà sáà mọ òun, ó tán.

"Bùọ̀dá Àjàgbé, ẹ ti fárùngbọ̀n! Ṣé ìyàwó lẹ ń lọ gbé ni?" Munawwarah ni, àbúrò Ràlíátù.

"Panu mọ́."

Ní Iléṣà, lẹ́mọ́ọ̀mù sọ ọmọ ní Fàtímọ̀. Alhaji Jibril ní òun gbọ́. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló dé yìí o. Kò lè gbé láìsí mi."

Àjàgbé ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ọmọ lajú, ó figbe ta. Àjàgbé pe "Ràlíátù" sí i létí, jẹ́jẹ́. Igbe le sí i. Jibril gbà á. Ọmọ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ó mọ ọkọ ẹ̀!" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Àjàgbé ní, "Munawwarah, ṣé ẹni tó kú ò lè padà wá sí ilé mìíràn ni?"

"Ilé ta? Ilé tó bímọ sí náà ni. Ta ló mọ̀ ọ́n níbòmíràn?"

Àjàgbé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Babátúndé mẹ́ta ló wà nínú agbo ilé tiwọn. Fíìmù ló jẹ́ kó gbàgbé.

"Tí èmi náà bá kú ńkọ́?"

"Òkè-Baálẹ̀ náà ni, bùọ̀dá. Ibo lẹ tún fẹ́ lọ?"

Àjàgbé pòṣé. Ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n tó fá títí wọ́n fi wọ Òṣogbo.